Iná Tó Ń Làágùn: Nípa Omi Inú Iná Iwájú Mọ́tò

 

Ohun tí mo pinnu láti kọ lọ́sẹ̀ yìí dá lórí ìpajẹ fáwẹ̀lì, mo tiẹ̀ ti kọ ọ́ dé ìdajì. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí èmi àti ìyá àwọn ọmọ mi lójú ọ̀nà, mo sì wòye pé ọ̀pọ̀ nínú yín lè máa wa mọ́tò tó ní irú àléébù kan náà láìfura. Fáwẹ̀lì kò ní sá lọ. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ iná mọ́tò ná.

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹsàn-án, à ń bọ̀ láti Ilé-Ifẹ̀, níbi tí ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ti ń ṣe ìsìnkú ìyá rẹ̀. Ẹ mọ bí òde ṣe máa ń rí. Wọn ò jẹ́ ká tètè kúrò níbẹ̀. Nígbà tí a máa fi dé Ìkirè, ilẹ̀ ti ṣú, òjò sì ti bẹ̀rẹ̀. Mo tan iná iwájú, ṣùgbọ́n ńṣe ló dà bíi pé ẹnì kan ta aṣọ funfun bo iná apá ọ̀tún. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò lọ síwájú, ó kàn ń fọ́n káàkiri bí iná àtùpà nínú èéfín. Nígbà tí a ń sún mọ́ Asẹ́jìrẹ́, ìyàwó mi ní, “Bàbá Kúnlé, ṣé ẹ̀ ń rí ọ̀nà báyìí?” Mo ní mò ń rí i. Irọ́ ni mo pa.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni mo ṣàdédé rí ìdí tírélà kan tó kú sí ẹ̀gbẹ́ títì lápá ọ̀tún, tó gba ìdajì ọ̀nà, láìsí iná, láìsí ewé tí wọ́n máa ń tò sílẹ̀ láti kìlọ̀ fún ẹni tó ń bọ̀. Mo yà bàrá sí apá òsì. Ọlọ́run ló yọ wá, kò sí mọ́tò kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ìyàwó mi kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi délé. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ́kọ láya mọ ohun tí irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí.

Nígbà tí ara mi balẹ̀, mo ṣe ìṣirò rẹ̀. Mọ́tò tó ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí kan ń gba ilẹ̀ mítà 22 kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí iná yín kò bá jẹ́ kí ẹ rí ju ọgbọ̀n mítà lọ, àyè tí ẹ ní láti rí nǹkan, láti ronú, àti láti tẹ bíréèkì kò pé ìṣẹ́jú àáyá kan àbọ̀. Èmi sì ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ẹsẹ̀ mi kì í yá tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ Ajé, mo gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ rìwáyà. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní, “Prọ̀f, iná yín ń làágùn ni, sà. Ó ti bàjẹ́. Ẹ jẹ́ ká wá tòkunbọ̀ míì.” Iye tó dá lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ìfẹ̀yìntì mi fún oṣù kan. Ẹnì kejì tó jókòó sórí báńṣì níbẹ̀ ní kò tó ìyẹn, pé kí wọ́n kàn fi irin lu ihò sí ìdí rẹ̀ kí omi lè máa ṣàn jáde. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, mo ní mo fẹ́ lọ ronú sí i.

Làágùn, sẹ̀, àti jò

Èmi tí mo fi bí ogójì ọdún kọ́ ènìyàn nípa ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin yẹn lò ni mo kọ́kọ́ gbé yẹ̀wò. Ẹ rántí kíláàsì wa: “là” àti “òógùn” ló di “làágùn”, fáwẹ̀lì kan pajẹ, èkejì sì rànmọ́ ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. (Ẹ ò rí i pé a ti dé ibi ìpajẹ náà láìròtẹ́lẹ̀.) Òógùn ti ara ni o, kì í ṣe oògùn tí à ń lò bí ara kò bá yá, ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ó lè ṣini lọ́nà. Ẹni tó ń làágùn, láti inú ara rẹ̀ ni omi náà ti ń jáde. Iná mọ́tò kò ní omi kankan tó jẹ́ tirẹ̀. Gbogbo omi tí ẹ bá rí nínú rẹ̀, láti ìta ló ti wọlé. Bí a bá gbà pé iná ń làágùn, a ó gbà pé àìsàn náà ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò sì sí oògùn fún un ju kí a ra òmíràn lọ. Bí a bá gbà pé omi wọlé, a ó béèrè ọ̀nà tó gbà wọlé.

Yorùbá ní ọ̀rọ̀-ìṣe méjì tó bá ìbéèrè yìí mu ju “làágùn” lọ. Ìrì a máa sẹ̀; òrùlé a máa jò. Ìrì tó sẹ̀ sórí koríko, kò sí ihò kankan tó gbà wá: inú afẹ́fẹ́ ló wà tẹ́lẹ̀. Omi tó jò sórí ibùsùn yín, ihò wà níbì kan lókè. Bí ìrì bá sẹ̀ sínú iná mọ́tò, ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ni, yóò gbẹ. Bí iná bá ń jò, ó ní ibi tó ti lanu. Ẹni tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ lè ra iná tuntun nítorí ìrì lásán, tàbí kó máa dúró de oòrùn kó wá gbẹ iná tó ń jò.

Bí ìrì ṣe ń sẹ̀ sínú iná

Omi wà nínú gbogbo afẹ́fẹ́ tí à ń mí, omi tó ti fẹ́lẹ́ débi pé ojú kò lè rí i. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe gbóná tó ni agbára rẹ̀ láti gbé omi ṣe ń pọ̀ tó. Ẹ fojú inú wo àpótí kan tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan. Bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá gbóná dé 30 °C, ó lè gbé omi bíi gíráàmù 30. Bí ẹ bá mú un tutù dé 20 °C, bíi gíráàmù 17 péré ni agbára rẹ̀ ká. Gíráàmù 13 tó ṣẹ́kù gbọ́dọ̀ rí ibì kan bà lé, ibi tó bá sì tutù jù lọ ni yóò bà lé. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn ife omi tútù fi máa ń rin lórí tábìlì. Òun náà ló ń ṣe awò ojú mi nígbà tí mo bá jáde láti inú yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù bọ́ sínú ọ̀sán Ìbàdàn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé iná iwájú mọ́tò kì í ṣe ìgò tí wọ́n dé pa. Ó ní imú. Àwọn tó ṣe é dá ihò kéékèèké sí ẹ̀yìn rẹ̀. Nínú àwọn kan, wọ́n fi rọ́bà kékeré tó tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́ sí ẹnu ihò náà. Nínú àwọn mìíràn, wọ́n fi awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan bò ó, irú awọ tí afẹ́fẹ́ lè gbà kọjá ṣùgbọ́n tí ẹ̀kán omi kò lè gbà kọjá.

Kí nìdí tó fi gbọ́dọ̀ ní imú? Bí ẹ bá tan iná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á gbóná, á sì fẹ̀. Bí ó bá kúrò ní 30 °C tó dé 60 °C, yóò fẹ̀ sí i ní bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Bí kò bá ríbi jáde, á máa ti ojú iná náà àti gọ́ọ̀mù tó so ó mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ bá pa iná, tàbí tí òjò tútù bá rọ̀ lé e lórí, afẹ́fẹ́ náà á súnkì, á sì fa òmíràn wọlé láti ìta. Bó ṣe ń mí síta náà ló ń mí sínú, lójoojúmọ́.

Ní àsìkò òjò, afẹ́fẹ́ tó ń fà wọlé yẹn kún fún ọ̀rinrin. Bí ìdájí bá dé tí ojú iná bá tutù, ìrì á sẹ̀ sínú rẹ̀ bó ṣe sẹ̀ sórí koríko. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ní tirẹ̀ gbẹ, kò ní omi púpọ̀ tí yóò dà sílẹ̀. Ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ fi ń rò pé iná mọ́tò àwọn ti sàn ní oṣù Kìn-ín-ní, tí àìsàn náà á sì tún padà dé ní oṣù Kẹfà.

Ẹ jẹ́ ká tún ṣe ìṣirò kékeré kan, torí ó wúlò. Ká ní inú iná yín gba afẹ́fẹ́ lítà márùn-ún. Bí afẹ́fẹ́ náà bá kún fún omi dé góńgó ní 30 °C, gbogbo omi tó wà nínú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ẹ̀kán mẹ́ta lọ. Bó bá tutù dé 20 °C, èyí tí yóò sẹ̀ sára ojú iná fi díẹ̀ ju ẹ̀kán kan lọ. Ẹ̀kán kan péré! Ṣùgbọ́n bí ẹ̀kán yẹn bá fọ́n ká wẹ́wẹ́ bí ìkùukùu, ó tó láti sọ ojú iná di funfun. Ní ìdà kejì, bí ẹ bá rí omi tó tó ṣíbí kékeré tí a fi ń po tíì nísàlẹ̀ iná, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ẹ̀kán nìyẹn. Afẹ́fẹ́ lásán kì í ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wọlé lóru ọjọ́ kan. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.

Mọ́tò ayé àtijọ́ ńkọ́?

Àwọn ẹgbẹ́ mi máa ń sọ pé mọ́tò ayé àtijọ́ kì í ní irú wàhálà yìí. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ní Amẹ́ríkà, láti 1940 títí di 1983, òfin pa á láṣẹ pé kí iná iwájú mọ́tò jẹ́ odindi kan tí wọ́n dé pa: okùn tó ń tàn, àwo dídán tó wà lẹ́yìn rẹ̀ àti gíláàsì iwájú rẹ̀ kò ṣeé tú kúrò lára ara wọn. Omi kò ríbi wọlé. Ṣùgbọ́n bí okùn inú rẹ̀ bá já, odindi rẹ̀ lẹ máa sọ nù. Ní Yúróòpù, wọ́n ti ń lo gílóòbù tí a lè pààrọ̀ tipẹ́tipẹ́. Lincoln Continental Mark VII ti ọdún 1984 ló jáde gẹ́gẹ́ bí mọ́tò Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó ní irú iná tòde òní, tí gílóòbù rẹ̀ ṣeé yọ, tí ojú rẹ̀ sì jẹ́ ike líle tí wọ́n ń pè ní polycarbonate.

Èrè rẹ̀ pọ̀: ike kì í tètè fọ́ bí òkúta bá ta bá a, gílóòbù kan sì dín owó ju odindi iná lọ. Ṣùgbọ́n ibi tí gílóòbù ń gbà wọlé, ilẹ̀kùn ni. Ilẹ̀kùn tó bá ṣeé ṣí, ó ṣeé gbàgbé láti tì. Ẹ fi gbólóhùn yìí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Ọ̀rọ̀ gílóòbù fúnra rẹ̀ tún wà níbẹ̀. Halogen tí a ti mọ̀ tipẹ́ sábà máa ń jẹ iná wáàtì 55, ooru ló sì ń sọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ dà. Ooru yẹn ń bá ìmọ́lẹ̀ lọ síwájú, ó sì ń bá wa gbẹ ìrì ojú iná. LED kò rí bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ni ooru rẹ̀ ń gbà jáde. Nítorí náà, ẹni tó bá yọ halogen tó fi LED rọ́pò rẹ̀ lè rí i pé ìrì tó ń tètè gbẹ tẹ́lẹ̀ ti wá ń pẹ́ kó tó lọ. Kì í ṣe dandan pé iná náà ti ń jò.

Ìbéèrè mẹ́rin

Kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni lówó, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́rin yìí.

Àkọ́kọ́: ṣé iná méjèèjì ni àbí ọ̀kan? Ojú ọjọ́ kan náà ni iná òsì àti iná ọ̀tún jọ ń rí. Bí méjèèjì bá ní ìkùukùu fẹ́ẹ́rẹ́ láàárọ̀ lẹ́yìn òjò, ìrì ni. Bí ọ̀kan bá mọ́ kedere tí èkejì sì kún fún omi, ẹ fura sí jíjò.

Èkejì: ṣé ìkùukùu ni àbí ẹ̀kán? Ìkùukùu tó dà bí èémí lára dígí, ìrì ni. Ẹ̀kán tó tóbi, tó ń ṣàn wálẹ̀, tàbí omi tó dúró nísàlẹ̀ tó ń mì lẹ́gbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ bí mọ́tò bá wọ kòtò, jíjò ni.

Ẹ̀kẹta: ṣé ó ń gbẹ? Ẹ gbé mọ́tò síta gbangba, ẹ ṣáná sí i kí bátìrì má baà kú, ẹ tan iná iwájú fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Níta ni mo wí o, kì í ṣe inú gáréèjì tí a ti ìlẹ̀kùn rẹ̀. Èéfín ẹ́ńjìnnì ń pani. Ìrì á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ibi tí iná ti gbóná jù, á sì máa fẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ó bá lọ tán, tàbí tó lọ láàárín ọjọ́ kan sí méjì tí òjò dá, ẹ fi í sílẹ̀. Bí kò bá lọ, ó ń jò.

Ẹ̀kẹrin, èyí tí àwọn ènìyàn kì í bi ara wọn: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ṣé lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ gílóòbù ni? Ṣé lẹ́yìn tí ọ̀kadà gbá yín níwájú ni? Ṣé lẹ́yìn tí àwọn tó ń fọ mọ́tò fi omi alágbára tẹ ẹ̀yìn iná náà ni? Bí tòkunbọ̀ bá sì ni, ó lè ti forí gbá nǹkan kan kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi bọ̀ wá bá yín.

Èmi náà dáhùn tèmi. Iná ọ̀tún nìkan ni. Ẹ̀kán tó ń ṣàn ni. Kò gbẹ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tí oòrùn ràn. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Mi ò kọ́kọ́ rántí. Ìyàwó mi ló rántí, ẹni tó ti padà ń bá mi sọ̀rọ̀ nígbà náà: “Ṣebí inú oṣù Keje ni wọ́n pààrọ̀ gílóòbù yẹn, nígbà tí ẹ̀ ń lọ sí Òṣogbo?”

Ibi tí iná ti ń lanu

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin náà lè wò ó bí mo ṣe wò ó, láti ibi tó rọrùn lọ sí ibi tó le.

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn gílóòbù. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, rọ́bà dúdú kan ló máa ń bo ibẹ̀ bí fìlà. Nínú àwọn kan, ìdérí ike tí a ń yí ni. Ó yẹ kó jókòó pẹ́kípẹ́kí yí ká. Bí gílóòbù bá jẹ́ irú èyí tí a ń yí wọlé tààrà, ẹ wo òrùka rọ́bà tó wà lọ́rùn rẹ̀ bóyá ó ti já tàbí ó ti gan.

Ẹ wo imú iná náà tẹ̀ lé e. Bí rọ́bà tó tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́ bá ti yọ, omi tó ń ta láti ojú ọ̀nà lè gba ẹnu ihò wọlé tààrà. Bí ẹrẹ̀ tàbí òwú aláǹtakùn bá sì dí i, iná náà kò ní lè mí, ìrì tó bá sẹ̀ sínú rẹ̀ kò ní ríbi jáde. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí búrọ́ọ̀ṣì gbẹ tọ́ ọ jẹ́jẹ́. Bó bá jẹ́ irú tó ní awọ, ẹ má fi ohun mímú kàn án.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ojú iná àti ara rẹ̀ bóyá ó ti sán. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí tó láti fa omi wọlé, pàápàá nígbà tí òjò tútù bá rọ̀ lé iná tó ti gbóná, torí ìgbà yẹn gan-an ni afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń súnkì tó ń fa ohunkóhun tó bá wà lẹ́nu ìlà náà. Ìkẹyìn ni ojú ìsopọ̀, ibi tí gọ́ọ̀mù ti so ojú iná mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ yí ká.

Bí ojú kò bá rí ibi tó ń jò, ọgbọ́n fọkanáísà ni ká lò. Ẹ tú iná náà kúrò lára mọ́tò, ẹ fi teepu dí gbogbo ihò rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kó ku ọ̀kan. Ẹ fi ọṣẹ olómi pa ojú ìsopọ̀ àti ibi tí ẹ fura sí, kí ẹ wá fi ọ̀pá rọ́bà fẹ́ ẹnu sí ihò kan tó kù náà. Ibi tí ọṣẹ bá ti ń hó, ibẹ̀ ló ti lanu. Ẹnu yín tó. Ẹ má lo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà, á tú gọ́ọ̀mù náà ká.

Tèmi kò dé ibẹ̀. Nígbà tí mo na ọwọ́ sẹ́yìn iná ọ̀tún, wáyà àti ìdí gílóòbù ni mo bà ní ìhòòhò. Kò sí fìlà rọ́bà. Mo tan tọ́ọ̀ṣì yí ká, mo sì rí i: ó há sẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì, eruku ti bò ó. Ẹni tó pààrọ̀ gílóòbù ní oṣù Keje yọ ọ́, ó gbé e síbẹ̀, ó sì gbàgbé. Láti oṣù Keje dé oṣù Kẹsàn-án, òjò ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé, èmi sì ń bú iná pé ó ń làágùn.

Bí mo ṣe gbẹ ẹ́

Kí ẹ tó fi fìlà padà, inú iná gbọ́dọ̀ gbẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ti ti olè mọ́ ilé nìyẹn. Mo pa iná, mo dúró kí gílóòbù tutù, mo yọ ọ́. Ẹ má fi ọwọ́ lásán kan gíláàsì halogen. Òróró ọwọ́ yín á jẹ́ kí ibẹ̀ gbóná ju ibi tó kù lọ, gílóòbù náà kò sì ní pẹ́ kó tó kú. Mo tú iná náà, mo da omi inú rẹ̀ nù, mo gbé e sínú yàrá níwájú fáànù fún ọjọ́ méjì. Mo fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ̀fọn àti eèrà má baà lọ fi ṣe ilé. Dráyà tí àwọn onídìrí ń lò náà dára bí ẹ bá fi sí ooru tó kéré jù, tí ẹ sì ń gbé e kiri. Bí ẹ bá gbé e sójú kan, ike á yọ́.

Mo fọ fìlà rọ́bà náà, mo wò ó bóyá ó ti ya, mo dé e padà, mo fi ìka tẹ ẹ́ yí ká. Owó tí mo ná kò ju ti ọṣẹ lọ. Òjò ńlá mẹ́ta ti rọ̀ láti ìgbà náà, iná ọ̀tún mọ́ bíi ti òsì.

Tí ó bá jẹ́ pé ìlà kékeré tàbí ojú ìsopọ̀ ló ń jò, gọ́ọ̀mù sílíkónì lè dí i, bí ibẹ̀ bá mọ́ tónítóní tó sì gbẹ. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí omi tó kàn án.

Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe

Ẹ má gbà kí wọ́n lu ihò sí ìdí iná. Òótọ́ ni pé omi á ṣàn jáde, ṣùgbọ́n eruku, ẹrẹ̀ àti kòkòrò á wọlé, omi ojú ọ̀nà náà á sì máa ta gba ibẹ̀. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù dí gbogbo ihò tí ẹ bá rí. Imú ni àwọn kan nínú wọn. Ẹni tó bá dí imú iná ti sé ọ̀rinrin mọ́ inú rẹ̀, iná náà á sì tún wá ibòmíràn tí yóò gbà mí, bóyá ibi tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò ti lágbára.

Ẹ má ki aṣọ bọ inú rẹ̀ láti nu àwo dídán ẹ̀yìn gílóòbù. Alumíníọ̀mù tó fẹ́lẹ́ gan-an ni wọ́n fi bo ike náà. Bí ẹ bá nù ún, ẹ nù ún kúrò nìyẹn. Àpò kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, tó ń fa ọ̀rinrin, lè ràn yín lọ́wọ́ nígbà tí iná bá wà lórí tábìlì. Ẹ má fi í sílẹ̀ sínú iná lọ títí. Bó bá mu omi yó, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí, bó bá sì kan gílóòbù, á jó.

Ìgbà kan wà tí ríra òmíràn tọ́. Bí àwo dídán inú rẹ̀ bá ti ṣí tàbí tó ti dúdú, ìmọ́lẹ̀ kò ní padà bọ̀ sípò, kódà bí inú rẹ̀ gbẹ. Bí ara rẹ̀ bá ti fọ́ púpọ̀, ẹ lọ ra òmíràn, ì báà jẹ́ ní Àràrómi ní Agodi Gate tàbí ní Ládípọ̀ ní Èkó. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sanwó, ẹ yí i sẹ́yìn. Ẹ ka ihò rẹ̀, ẹ wo imú rẹ̀, ẹ béèrè fìlà rọ́bà rẹ̀. Tòkunbọ̀ tí kò ní fìlà yóò jò bíi ti àná.

Mo padà lọ fi rọ́bà náà han rìwáyà wa. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Prọ̀f, ẹ ti gba iṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.” Kì í ṣe olè, ohun tó rí ló sọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé bó bá tún rí omi nínú iná ẹlòmíràn, kó kọ́kọ́ na ọwọ́ sẹ́yìn kó tó dárúkọ tòkunbọ̀. Ó gbà. Ó tilẹ̀ ní òun ti rántí oníbàárà méjì.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá délé lónìí tí ilẹ̀ kò tíì ṣú, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ na ọwọ́ sẹ́yìn iná méjèèjì. Kò ní gbà yín ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sì pààrọ̀ gílóòbù fún yín, ẹ má kúrò níbẹ̀ títí ẹ ó fi rí i pé ó dé fìlà padà. Bí ẹni tó jókòó tì yín bá wá béèrè lálẹ́ ọjọ́ kan bóyá ẹ̀ ń rí ọ̀nà, ẹ má ṣe bíi tèmi. Ẹ sọ òótọ́, ẹ dín eré kù, kí ẹ wá ibi tó ní ìmọ́lẹ̀ dúró sí.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá dá wa sí, a ó padà sí ìpajẹ.